Oníbúrẹ́dì Tí Kì í Tà fún Ará Ìwó

Kí oníbúrẹ́dì tó gé búrẹ́dì fún oníbàárà, ohun tó yẹ kó bi í kò ju kí ló fẹ́ àti báwo ló ṣe fẹ́ ẹ lọ. Papa Rosaline kì í bèèrè ìyẹn. Ìlú ẹni ló máa ń bèèrè. Bí Ìgbò ló bá wọlé, kò ní bi í ní nǹkan kan; bí Haúsá ni, bákan náà. Àmọ́ bó bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu èèyàn, á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, á nu ọwọ́ sí aṣọ tó so mọ́dìí, á wá rọra ní, "Oga, which town you from?" Ẹni tó bá ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun, á jókòó, á jẹun. Ẹni tó bá ní Ọ̀fà ni òun, á jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá la ẹnu pé Ìwó ni òun ti wá, búrẹ́dì ti tán nìyẹn, bí òórùn rẹ̀ tilẹ̀ ń ti inú ààrò jáde tó ń da gbogbo àdúgbò láàmú.

Ní Oníṣà, létí odò Ọya, lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, ní ọdún tó tẹ̀lé ọdún òmìnira. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà di àwàdà. Bílíkísù, ará Ìwó tó ń ta sáàdínì àti mílíìkì, ló ń rojọ́ rẹ̀ kiri. "Mẹ́rin ni mo fojú ara mi kà lórí pákó!" ló máa ń wí. "Ó wojú mi bàì, ó ní ó ti tán." Àwọn kan ní ó dájú pé ará Ìwó kan ló gba ìyàwó rẹ̀ nígbà kan rí. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tí ará Ìwó ò lè ṣe. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì padà sídìí ọjà wọn.

Yúnúsà Bẹ̀llò náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò dénú, nítorí ọmọ Ìwó ni òun náà, òórùn búrẹ́dì yìí sì máa ń bá a dé ìsọ̀ tó ti ń ta àǹkárá. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, bí kì í bá ṣe ọdún Iléyá, kì í dé Ìwó. Ó rò ó pé, kí ni ìlú ẹni ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ ebi? Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì náà, tí Papa Rosaline nu ọwọ́ tó bèèrè ìlú rẹ̀, ó ní, "Ìṣẹ́yìn." Irọ́ náà kò wúwo lẹ́nu rẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í rántí ohun tí àgbà wí.

Ilé oúnjẹ náà kò jọ nǹkan kan lójú. Àárín ìsọ̀ télọ̀ kan àti ti ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló há sí. Kò ní pátákó orúkọ, bẹ́ǹṣì mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀, ààrò amọ̀ sì wà lọ́wọ́ inú. Papa Rosaline á tẹ́ ìyẹ̀fun tó ti pò pẹlẹbẹ bí àwo, á fi tòmátì àti ata lílọ̀ pa á lójú, á to àlùbọ́sà àti sáàdínì sórí rẹ̀, á wá tì í bọ iná títí etí rẹ̀ á fi dúdú díẹ̀. Òyìnbó Ítálì kan tó ń la títì ló kọ́ ọ nígbà tó ń se oúnjẹ fún wọn ní kám̀pù. Písà ni òyìnbó náà ń pè é. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn ò mọ ìyẹn, achịcha ose ni wọ́n ń pè é ní tiwọn, àwọn Yorùbá sì sọ ọ́ di búrẹ́dì aláta.

Ọjọ́ kan ni Yúnúsà jẹ ẹ́ tó fi di ará ilé. Bó bá ti kírun àlàásárì tán, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Ó mọ Mama Rosaline, obìnrin Ìgbò tó ga, tí kì í pariwo. Ó mọ Rosaline láti ìgbà tó ń rìn tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́. Ọmọ náà ló sọ ọ́ ní Papa Àǹkárá. Bàbá ọmọ yìí nìkan ni kò ṣeé mọ̀ dénú. Yorùbá ni, èèyàn á gbọ́ ọ nínú bó ṣe ń sọ Ìgbò, síbẹ̀ kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kì í dé gáréèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún Rosaline, ó kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun. Ohun mìíràn sì wà tí Yúnúsà ṣàkíyèsí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà á dúró ti ààrò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, òógùn kì í yọ lára rẹ̀. Bó bá na àwo sí èèyàn, tí ìka rẹ̀ bá kan tẹni, ó máa ń tutù bí ìdí àmù.

Ọdún márùn-ún lọ báyìí. Lọ́dún tí wọ́n pa àwọn Ìgbò nílẹ̀ Haúsá, Oníṣà kún fún àwọn tó sá padà wálé, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọgbẹ́ lórí, ẹlòmíràn láìsí ẹrù kankan lọ́wọ́. Yúnúsà kó Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ lọ sí Ìwó, òun nìkan ló padà sídìí ọjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ibà dá Rosaline dùbúlẹ̀. Yúnúsà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí oúnjẹ. Ẹkún ọmọ náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ó wá gbọ́ ohùn bàbá ọmọ náà jẹ́jẹ́, ó ń kì í.

"Rọra, ọmọ Olódò Ọbà. Ọmọ ilé Alápatẹ. Ọmọ bíbí inú Àtàndá, má sunkún mọ́. Ilé wa kì í sunkún lójú àlejò."

Èèyàn lè fi orúkọ pamọ́, ó lè fi èdè pamọ́, ṣùgbọ́n bí ara ọmọ rẹ̀ bá ń gbóná, oríkì ilé rẹ̀ ni yóò bá lẹ́nu. Ará Ìwó ni Papa Rosaline! Yúnúsà tilẹ̀ mọ ilé Alápatẹ náà, kò jìnnà sí ilé ìyá tó bí i lọ́mọ.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀, kó nu ẹnu, kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n Yúnúsà jẹ́ irú èèyàn kan tó wọ́pọ̀ láàárín wa, ẹni tí kò lè rí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kó má bá wọn tún un ṣe. Ó ní ìjà ló lé ọkùnrin yìí kúrò nílé. Ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ogun sì ń rùn bọ̀. Ọmọ ìlú ẹni ló sọnù sí ìlú onílùú, ta ni yóò rí i tí kò ní sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀? Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí olórí ilé Alápatẹ. Ó ní ọmọ wọn kan wà ní Oníṣà tó ń fara pamọ́, Àtàndá loríkì rẹ̀, àpá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ti láya, ó ti bímọ, kí wọ́n wá mú un kí ilẹ̀ tó gbóná. Nígbà tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ tán, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé láádá lòun ń kó jọ.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí èsì tó dé, kì í sì í ṣe lẹ́tà. Àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Gbàdàmọ́sí ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì Upper Iweka, tó ń bèèrè ọ̀nà títí tó fi dé yàrá Yúnúsà. Yúnúsà dọ̀bálẹ̀, ó gbé omi fún un. Bàbá náà kò fọwọ́ kan omi.

"Ta ló sọ fún ọ pé Àtàndá loríkì rẹ̀?"

"Ọmọ rẹ̀ ló ń kì tí mo fi gbọ́, bàbá mi."

"Àpá abẹ́ àgbọ̀n yẹn ńkọ́?"

"Mo fojú ara mi rí i ni, sà."

"Àbúrò mi ni Ràsákì Àtàndá," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Kám̀pù àwọn òyìnbó tó ń la títì ni wọ́n ti gbé e wálé. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo wọ inú sàárè tí mo gbà á sílẹ̀. Ọdún kẹwàá rèé."

Yúnúsà ti gbọ́ nípa àkúdàáyà láti kékeré, bí gbogbo wa ti gbọ́ ọ: ẹni tó kú nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, tó wá lọ tẹ̀dó sí ìlú òkèèrè, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, tó ń bímọ, títí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú á fi pàdé rẹ̀, tí á sì pòórá. Ìdí rèé tí búrẹ́dì fi ń tán lójú ará Ìwó. Yúnúsà kò sí nílé nígbà tí Ràsákì kú, kò gbọ́ nípa ikú rẹ̀ rí, òun ló jẹ́ kó lè jókòó níwájú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó máa jẹun láìsí ewu.

"Ṣé kí n máa padà lọ?" ni Gbàdàmọ́sí bèèrè. "Àbí kí n rí i lẹ́ẹ̀kan péré? Àbúrò mi ni."

Bí Yúnúsà bá ti sọ pé, "Ẹ máa lọ, bàbá mi," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kò wí bẹ́ẹ̀. Àánú bàbá náà ṣe é, òótọ́ ni, àmọ́ òun náà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó mú fìlà rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Mama Rosaline ti lọ ra ata ní ọjà Ose Okwodu, Rosaline wà nílé ìwé. Papa Rosaline kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ata pa ojú búrẹ́dì. Gbàdàmọ́sí kò wọlé tán. Ó pè é jẹ́jẹ́, bí a ti ń pe ẹni tó ń sùn.

"Àtàndá."

Ọwọ́ náà dúró lójú búrẹ́dì. Iná ń ta nínú ààrò. Kò yíjú padà, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ, èyí tí Yúnúsà kò gbọ́ kó fi bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ rí. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọ̀nà tí ẹ rìn yìí mà jìn o."

"Ràsákì." Omi ti gba ojú Gbàdàmọ́sí.

"Yúnúsà," ni ọkùnrin náà tún wí. Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, àárẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Ìṣẹ́yìn lo sọ fún mi."

Ọkùnrin náà gbé abọ́ ata sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ mú igi sí i, ó sì gba ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ. Kọ́tìnì náà kò mì. Wọ́n dúró títí búrẹ́dì tó wà nínú ààrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, tí èéfín gba gbogbo inú ilé. Nígbà tí Yúnúsà gbójú gbóyà wọ ẹ̀yìn, ibùsùn méjì ló bá níbẹ̀, àti òkìtì igi, àti ògiri. Kò sí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ilé náà, kò sí fèrèsé.

Mama Rosaline ti ọjà dé, ó gbé agbọ̀n ata sílẹ̀, ó wo èéfín, ó bèèrè ọkọ rẹ̀. "Ó ní òun ń bọ̀," ni Yúnúsà wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Gbàdàmọ́sí ní òun ń lọ. Rosaline tó ń lọ sílé ìwé pàdé wọn lọ́nà, ó rẹ́rìn-ín sí àlejò, ó kí i pé, "Papa, nnọọ." Bàbá náà rí ojú Ràsákì lójú rẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn bí ẹni tó rí iná. Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì ó fà sún mọ́ etí Yúnúsà. "Ọmọ òkú nìyẹn," ó ní. "Má jẹ́ kó wọ ilé rẹ láé. Ọ̀run ti mọ ojú rẹ̀." Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ọmọ yìí o, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Àwọn ará àdúgbò ní Papa Rosaline ti sá lọ sílùú rẹ̀ bí àwọn Yorùbá yòókù ti ń ṣe, Yúnúsà sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mama Rosaline ń dá iná ààrò fúnra rẹ̀. Bó bá ti rí Yúnúsà lókèèrè, á bèèrè bóyá ọkọ òun ti ránṣẹ́ sí i. Kó má baà máa gbọ́ ìbéèrè yẹn, Yúnúsà wá ọ̀nà mìíràn gbà lọ sọ́jà. Kò jẹ búrẹ́dì níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n kéde Bìáfíra, ó di dandan kó máa lọ. Ó kó ìwọ̀nba aṣọ tó lè kó, ó bá lọ́rì kan ní Upper Iweka tó fẹ́ sọdá afárá kí wọ́n tó tì í. Níbẹ̀ ni Mama Rosaline ti bá a. Ó di ọwọ́ Rosaline mú, ó gbé báàgì kékeré kan dání, gbogbo ojú rẹ̀ sì ti wú.

"Yúnúsà, biko," ó ní. Ìgbò ni wọ́n máa ń bá ara wọn sọ. "Bàbá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ìlú àwọn bàbá rẹ̀ náà ni. Mú un dání. Bí gbogbo èyí bá tán, màá wá mú un."

Yúnúsà wo ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó wọ bàtà ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n di irun rẹ̀ fún ìrìnàjò. Ọmọ tó ti jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà ni. Ṣùgbọ́n ohùn Gbàdàmọ́sí ló ń dún létí rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ tó wà ní Ìwó ló ń rò, ẹ̀rù sì mú un ju bí ogun ti ń bà á lẹ́rù lọ.

"Mọ́tò ti kún, Mama," ó ní.

Mama Rosaline gbójú sókè, ó wo inú lọ́rì náà. Àyè wà níbẹ̀ tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sí. Ó tún wojú Yúnúsà, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, kò bá a jiyàn. Rosaline ló na búrẹ́dì kan sí i, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e, ó ṣì gbóná. "Papa Àǹkárá," ó ní, "chop am for road."

Ó gbà á. Nígbà tí lọ́rì dé àárín afárá, ó jù ú sí odò Ọya, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú omi kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá.

Lálẹ́ ọjọ́ tó délé ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Nàfísàt, ó rò pé yóò kan sáárá sí òun pé òun gbọ́n. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin. "Bàbá rẹ̀ ló kú," ó ní. "Ìyá tó bí i ńkọ́? Ọmọ tí ibà ń ṣe, tó ń sunkún, tó ń jẹun, òun lo fi sílẹ̀ fún ìbọn?" Yúnúsà ní kò yé e ni. Ṣùgbọ́n ó yé Nàfísàt. Yúnúsà gan-an ni kò tètè yé. Ogun náà gba ọdún méjì àbọ̀. Bí rédíò bá ti dárúkọ Oníṣà pé wọ́n yìnbọn síbẹ̀, pé ọjà ńlá ti jóná, á gbé oúnjẹ rẹ̀ tì. Àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ló ń wá bá èèyàn, tirẹ̀ sì wá jókòó tì í. Kí ni ìbẹ̀rù ọ̀run já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láyé? Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ọmọ náà yè, kí òun rí i, kí òun tọrọ àforíjì.

Lọ́dún tí ogun parí, nígbà tí ọ̀yẹ́ mú, ó gbéra lọ sí Oníṣà. Mọ́tò wọn dúró ní Ọ̀rẹ́ láàárọ̀ kí èrò lè jẹun. Bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni òórùn kan lù ú, tòmátì àti ata àti ìyẹ̀fun tó jóná díẹ̀ létí. Ọmọbìnrin kan gbé tìréè lórí, ó ń bọ̀ láàárín èrò, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ló tò sínú rẹ̀. Ó rí Yúnúsà, ó dúró.

"Papa Àǹkárá," ó ní.

"Rosaline!" Yúnúsà jókòó sórí táyà kan. Ọmọ náà ti ga. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, apá rẹ̀ kún, ara rẹ̀ ń dán. Yúnúsà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ogun ò mú ọ! Rosaline, mọ́tò ọjọ́ yẹn, kò kún."

"Mo mọ̀," ni ọmọ náà wí. "Ẹ jẹun."

Yorùbá ló ń sọ. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ káàárọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìwó. Yúnúsà bi í pé ta ló kọ́ ọ. "Bàbá mi ni," ó dáhùn. Ìka ọmọ náà kan ti Yúnúsà bó ṣe ń gba búrẹ́dì, ó tutù, ṣùgbọ́n ọ̀yẹ́ ń fẹ́, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tutù láàárọ̀ yẹn. Ó jẹ méjì. Adùn rẹ̀ kò yàtọ̀.

"Oníṣà ni mò ń lọ," ó ní. "Wá ká lọ bá Mama. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi fà ọ́ lé e lọ́wọ́."

Ọmọ náà mi orí. "Mi ò lè dé ọ̀hún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mama pé ẹ rí mi."

Yúnúsà rò pé ìbínú ọmọdé ni, pé ohun kan ló ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìyá rẹ̀ nínú ìdààmú ogun. Ó ní kò burú. Bí mọ́tò sì ti ń gbéra kúrò ní Ọ̀rẹ́ ló ti ń ro bí òun yóò ṣe sọ ọ́ fún Mama Rosaline.

Afárá ti já, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e sọdá lọ́jọ́ kejì. Ògiri dúdú ló kù nínú ọjà ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yà sí àdúgbò náà, ó rí èéfín. Ìsọ̀ télọ̀ ti wó, ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ti wó, páànù àlòkù ni wọ́n fi bo ti oníbúrẹ́dì, obìnrin gíga kan sì bẹ̀rẹ̀ sídìí ààrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Yúnúsà kò lè dúró dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti òkèèrè ló ti pariwo.

"Mama Rosaline! Mo rí ọmọ rẹ! Mo rí Rosaline!"

Obìnrin náà nàró díẹ̀díẹ̀. Ó wò ó bí ẹni tí kò mọ èdè tó ń sọ.

"Ní Ọ̀rẹ́," ni Yúnúsà ń wí, ó ń mí hẹlẹ. "Ní àná gan-an. Ó ń ta búrẹ́dì. Ó ti dàgbà!"

"Yúnúsà," ni Mama Rosaline wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Rosaline ti kú. Ọdún kejì rèé. Ilé ìwé kan ni wọ́n kó wa sí, kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, irun rẹ̀ pọ́n. Nígbà tó yá, kò lè gbé orí rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi gbẹ́ ẹ."

Páànù ń dún lókè orí wọn. Yúnúsà rántí ìka tó kan tirẹ̀ ní Ọ̀rẹ́. Ó ti wá mọ̀ báyìí, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ọmọ náà mọ́ láé, kò gbọdọ̀ gba Ọ̀rẹ́ kọjá mọ́, torí ọjọ́ tó bá tún rí i ni yóò pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń tú aṣọ iṣẹ́ lára. Ó mú gèlè, ó ń wé e, gèlè náà kò dúró. "Ó lè jẹ́ pé mi ò wò ó dáadáa," ó ń wí. "Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ó sùn ni. Yúnúsà, mú mi lọ. Nísinsìnyí. Mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, kò sí ẹni tó lè ṣà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Yúnúsà ti la ẹnu rẹ̀ fún ìdílé yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló rò pé oore lòun ń ṣe. Bó bá mú ìyá yìí dé Ọ̀rẹ́, yóò rí ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà tìréè nìkan ni yóò kù nílẹ̀. Bí kò bá sì mú un lọ, òun ni yóò tún gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí yìí. Ó wá irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Irọ́ tó rọrùn fún un ní ọdún tó kọ́kọ́ wọlé síbí, kò sí ohun tó wúwo tó o rí.

"Mama," ó ní, "jókòó. Kì í ṣe òun. Mo ti rò ó. Ọmọ tó jọ ọ́ ni. Yorùbá ló ń sọ, kò gbọ́ Ìgbò. Ojú mi ló ṣì mí."

Mama Rosaline dúró, gèlè náà já bọ́ sí èjìká rẹ̀. Ó wo Yúnúsà, ó wò ó pẹ́, bó ti wò ó ní Upper Iweka lọ́jọ́ tí ó ní mọ́tò kún. Yúnúsà gbójú sílẹ̀. Ìgbà tó yá, obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ọmọ yẹn," ó ní, "èyí tí kì í ṣe Rosaline. Ṣé ó sanra?"

"Ó sanra, Mama," ni Yúnúsà wí. "Ó sanra dáadáa."

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. Ó dìde, ó bu omi sí ìyẹ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.